Kíìtì gáàsì háídrójìn tí wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò: ẹ wo ooru ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo iye lítà tí wọ́n kọ sí páálí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo fàbọ̀ sí, ẹni tí ò bá ráyè ka gbogbo ẹ̀ á ti mọ̀. Kíìtì HHO (ìyẹn háídrójìn àti ọ́síjìn tó dàpọ̀) tí mo rà yìí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dry cell, tí wọ́n máa ń to pléètì stainless léra wọn tí wọ́n á fi bóòtù dè wọ́n pọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń pín omi sí háídrójìn àti ọ́síjìn bó ṣe yẹ, ẹni tó to pléètì inú ẹ̀ sì mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ ìwé ìlànà tí wọ́n fi sínú páálí yẹn ò dáa rárá, táǹkì omi ẹ̀ kéré, àti pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé á dín epo tí mọ́tò ń jẹ kù, irọ́ ni, màá ṣírò ẹ̀ fún yín nísàlẹ̀. Nínú 5 mo fún un ní 3, pléètì ẹ̀ àti PWM ẹ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná tó ń wọnú sẹ́ẹ̀lì) ló gba 3 yẹn fún un.

Ohun tó wà nínú páálí: sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ (pléètì 8, gasket dúdú láàárín wọn, acrylic tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì), táǹkì oníke kékeré kan, bubbler (ìgò omi tí gáàsì ń gbà kọjá kó tó dé ẹ́ńjìnnì), họ́ọ̀sì, PWM tó ní ojú tó ń fi iye A hàn (ampere, bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó), wáyà, fúùsì 30A, relay kan, àti KOH (potassium hydroxide, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ omi kí iná lè gba inú ẹ̀ kọjá) nínú ọ̀rá funfun tí wọn ò kọ ohunkóhun sí lára. Màá padà sórí ọ̀rá yẹn torí ó bí mi nínú.

Gbogbo àwọn tó ń ta nǹkan yìí, iye lítà gáàsì ni wọ́n fi ń polówó. Ẹ ò ní rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ooru, bẹ́ẹ̀ ooru gan-an ló ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, òun ló ń ba electrolyte (omi tí wọ́n pò KOH mọ́) jẹ́, òun náà ló ń purọ́ fún yín nípa iye gáàsì tẹ́ ẹ ń rí. Láti 1800 tí Nicholson àti Carlisle ti fi iná bátìrì pín omi ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní, ìlànà ẹ̀ ò yí padà: láàárín pléètì méjì, 1.48V ló tó láti pín omi láìṣẹ́ku, láìsí pé ó ń fa ooru láti ibòmíì. Èyí tó bá lé lórí 1.48V yẹn, ooru ló máa dà, kò sí ibòmíì tó lè gbà.

Ẹ wò ó báyìí. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná tó ń ti alternator jáde máa ń wà láàárín 13.8V sí 14.4V. Tẹ́ ẹ bá ki pléètì 2 péré sínú omi tẹ́ ẹ so wọ́n mọ́ bátìrì, bí ọ̀pọ̀ fídíò ṣe ń kọ́ èèyàn, 1.48V nìkan ló ń ṣe gáàsì níbẹ̀, èyí tó lé ní 12V tó kù kàn ń mú omi gbóná lásán ni. Kíìtì tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́sítíìfù wà lára pléètì ìkangun kan, négétíìfù wà lára ìkangun kejì, 6 tó wà láàárín ò ní wáyà kankan lára, àwọn yẹn ni wọ́n ń pè ní neutral. Àlàfo 7 ló wà láàárín pléètì 8, iná 13.8V á pín ara ẹ̀ sí 7, àlàfo kọ̀ọ̀kan á gba bíi 1.97V. Tí 20A bá ń kọjá, 276W ló ń wọlé, 207W lè wọnú gáàsì, bíi 69W ló máa ṣẹ́kù fún ooru. Ká ní pléètì 7 ni wọ́n tò, tí àlàfo wá jẹ́ 6, ooru yẹn ì bá ti sún mọ́ 100W pẹ̀lú 20A kan náà. Pléètì ẹyọ kan ṣoṣo ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá o! Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kíìtì èyíkéyìí, ẹ ka pléètì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo nǹkan míì, tí àwòrán ò bá fi hàn ẹ bi wọ́n, ẹni tí ò bá lè sọ iye neutral tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń tà, ẹ má ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀.

69W yẹn lè kéré lójú, gílóòbù àtijọ́ kan ló tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú omi tí ò pọ̀ ló ń kóra jọ sí, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì gbé e sí. Ibi tó wá le sí ni pé bí electrolyte bá ṣe ń gbóná sí i ni iná á túbọ̀ máa rọ́nà gba inú ẹ̀ kọjá. Iná á pọ̀ sí i, ooru á pọ̀ sí i, ooru yẹn á tún fa iná sí i, wọ́n á máa ti ara wọn lọ bẹ́ẹ̀ títí fúùsì á fi já tàbí tí omi á fi máa hó. Mo dìídì yọ PWM kúrò kí n lè rí i. Mo gbé sẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì níta, mo so ó mọ́ iná tààrà, mo fi téèpù lẹ tẹmómítà mọ́ ara pléètì ìkangun. Nígbà tí omi ṣì tutù, bíi 14A ló ń gbà. Nígbà tó fi máa tó 50°C ó ti kọjá 20A, ó ń gòkè fúnra ẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní bíi 65°C, omi inú táǹkì ti funfun báláú pẹ̀lú ìfófòó wẹ́wẹ́, họ́ọ̀sì tó ń gbé gáàsì ti dẹ̀ lọ́wọ́, ìfófòó sì ti ń gun inú họ́ọ̀sì yẹn díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́nà bubbler. Mo pa á níbẹ̀.

Mo dá PWM padà, mo ní kó má kọjá 20A. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Omi gbóná o, ó gbóná, 20A náà ló dúró sí, ooru ẹ̀ sì dúró síbì kan, kò tún gòkè mọ́. Ohun tó jẹ́ kí n yìn ín nìyẹn, torí àwọn PWM kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn ń tan iná tí wọ́n ń pa á, wọn ò wo iye A tó ń kọjá rárá, ìyẹn ò lè dá nǹkan kan dúró, bí omi bá ti ń gbóná A á ṣì máa gòkè ni. Èyí tó ń ka A tó sì ń tún ara ẹ̀ ṣe lẹ nílò, èyí ló sì wà nínú kíìtì yìí. Kẹ́ ẹ má ṣá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì o, òun náà ń gbóná, ó fẹ́ atẹ́gùn.

Ọ̀rọ̀ iye lítà wá kàn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé lítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, ní 20A. Kò ṣeé ṣe. Òfin Faraday ni mo fi ṣírò ẹ̀: 1A tó bá gba àlàfo kan kọjá fún ìṣẹ́jú kan, gáàsì méjèèjì lápapọ̀ ò lè ju mílílítà 11.4 lọ ní 25°C. Ẹ sọ ọ́ di 20A, ẹ sọ ọ́ di àlàfo 7, bíi lítà 1.6 lẹ máa rí, ìyẹn tí gbogbo iná bá ṣiṣẹ́ tí ẹyọ kan ò bá gba ihò tí omi ń gbà lára pléètì kọjá láìṣe nǹkan kan. Tèmi, nígbà tí mo gba gáàsì sínú ìgò tí mo dojú ẹ̀ dé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù, ó sún mọ́ lítà 1.4, ìyẹn dáa gan-an, inú mi dùn sí i, wọn ò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ká yìn wọ́n.

Níbo ni wọ́n ti wá rí 3? Mo rò pé gáàsì gbígbóná ni wọ́n wọ̀n. Omi tó bá gbóná máa ń fi èéfín omi kún gáàsì tó ń jáde: ní 40°C, bíi ìdá 7 nínú 100 ohun tó ń jáde ló jẹ́ èéfín omi, ní 60°C ó ti di 20, ní 80°C ó ti sún mọ́ ìlàjì. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń jóná nínú ooru á dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́ ju èyí tó tutù lọ, mítà á gòkè, ẹni tó ni ín á máa yọ̀, bẹ́ẹ̀ omi lásán ló ń rán sínú ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn tiyín, ẹ jẹ́ kí gáàsì kọ́kọ́ gba inú omi tútù kọjá.

Ó yá, electrolyte. Ibí ni ìwé ìlànà wọn ti bàjẹ́ pátápátá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ da gbogbo ọ̀rá KOH yẹn sínú omi, tí gáàsì ò bá sì pọ̀ tó kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ má dán an wò! KOH kì í tán. Omi nìkan ló ń di gáàsì tó ń lọ, KOH á dúró sínú sẹ́ẹ̀lì. Tó bá wá jẹ́ pé KOH lẹ tún ń bù sí i ní gbogbo ìgbà tí omi bá fà, ńṣe ló ń ki sí i, iná ń pọ̀ sí i, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín pe ooru wá. Omi distilled nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi dí i. KOH máa ń gbé iná dáadáa jù tó bá tó ìdá 28 sí 30 nínú 100, òótọ́ ni, àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń fi irú electrolyte yìí ṣe háídrójìn sì ń lò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa omi yẹn káàkiri tó sì ń tù ú. Ẹ̀yin ò ní in nínú mọ́tò. Bí mo ṣe ṣe tèmi ni pé mo bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 50 nínú lítà omi kan, mo tan án, mo dúró títí ó fi gbóná tán, mo wá ka A nígbà yẹn. Lẹ́yìn tó bá tutù ni mo tó ń fi díẹ̀ kún un. Ó tó bíi gíráàmù 100 kó tó lè dé 20A pẹ̀lú omi gbígbóná, mo sì fi mọ síbẹ̀. A tẹ́ ẹ bá kà nígbà tí omi tutù ò sọ nǹkankan fún yín, ẹni tó bá fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, tó rọ KOH títí tó fi rí 20A nínú omi tútù, lójú ọ̀nà ni sẹ́ẹ̀lì máa hó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ má lo iyọ̀ o. Mo ń rí i tí wọ́n ń kọ́ èèyàn pé kó fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ inú omi tí iná ń gbà kọjá máa ń tú gáàsì chlorine jáde, májèlé ni, ó sì ń jẹ stainless. Baking soda náà ò dáa, ó ń fi carbon dioxide kún gáàsì, omi á sì tètè dọ̀tí. Ásíìdì bátìrì, ẹ má ronú ẹ̀ rárá, ó máa jẹ pléètì yín. Caustic soda ṣeé lò, KOH kàn ń gbé iná jù ú lọ ni. Omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga náà ò ṣeé lò torí àwọn nǹkan tó wà nínú ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara pléètì, chloride ibẹ̀, irú èyí tó wà nínú iyọ̀, á sì máa gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí i lára. Kẹ́ ẹ sì máa dé ọ̀rá tàbí ìgò KOH pinpin, torí ó ń fa omi àti carbon dioxide láti inú atẹ́gùn, tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́ kì í ṣe KOH gidi mọ́.

Ọ̀rá funfun yẹn wá ńkọ́. KOH lè fọ́ ojú èèyàn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í sínú ọ̀rá tí ò ní orúkọ, tí ò ní àmì ewu, inú ilé tọ́mọdé lè wà. Wọn ò sọ fún èèyàn pé kó wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú. Wọn ò sọ pé KOH lèèyàn ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, pé a kì í da omi lé KOH lórí, torí ó ń gbóná fúnra ẹ̀, ó lè ta sí èèyàn lára. Wọn ò sọ pé kéèyàn má pò ó nínú ìkòkò alumíníọ́mù, torí á jẹ ìkòkò náà, á sì máa tú háídrójìn jáde níbi tí ẹ ò fẹ́ ẹ. Tó bá ta sí ojú, omi tó mọ́ tó sì ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi máa fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Fínígà wà fún KOH tó bá dà sórí tábìlì, kì í ṣe èyí tó ta sí ojú.

Ẹ tún máa wo àwọ̀ omi náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè ní ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú tó ń bọ́ lára pléètì, mo da tèmi kúrò mo ṣan inú ẹ̀, mo ṣe tuntun, kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ tó bá ń di yẹ́lò, ó lè jẹ́ chromium ló ń tinú stainless jáde, irú chromium tó ń fa jẹjẹrẹ. Ìyẹn kì í ṣe omi téèyàn ń dà sílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tàbí sínú kòtò, ẹ fi ìgò kó o pamọ́, ẹ kọ orúkọ sí i, ẹ gbé e fún àwọn tó ń kó kẹ́míkà. Iná tó pọ̀ jù lára pléètì kéékèèké ló máa ń tètè mú un wá.

Lítà omi kan máa ń di bíi lítà 2,040 gáàsì ní 25°C. Pẹ̀lú lítà 1.4 ní ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí lítà omi kan gbé yín fún bíi wákàtí 24. Tí omi inú táǹkì bá ń fà jùyẹn lọ, kò sóhun méjì, èéfín tàbí ìfófòó ló ń gbé e lọ, ìfófòó sì ń gbé KOH dání. KOH tó bá wọnú ẹ́ńjìnnì á jẹ gbogbo ohun tó bá jẹ́ alumíníọ́mù níbẹ̀, písítìnnì pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí táǹkì kékeré tí wọ́n fún wa, omi inú ẹ̀ ò tó láti gba ooru, àyè òkè ẹ̀ ò tó kí ìfófòó rí ibi kú sí. Mo pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó tóbi, mo gbé e ga ju sẹ́ẹ̀lì lọ kí omi lè máa ṣàn padà fúnra ẹ̀, mo wá gbé sẹ́ẹ̀lì síwájú níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kó tó dé rédíétọ̀. Ìyàtọ̀ ẹ̀ hàn kíákíá, bí mọ́tò bá ti ń rìn, ooru sẹ́ẹ̀lì kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 50°C.

Acrylic ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́yìn tó ti gbóná tó tutù láìmọye ìgbà, mo rí àwọn ìlà tín-tìn-tín tó ń yọ láti ihò bóòtù. HDPE, irú ike míì, ló yẹ kí wọ́n lò. Gasket ẹ̀ dára, kò jò.

Lórí iná: fúùsì dáa, àmọ́ ìwé wọn ní kẹ́ ẹ so relay mọ́ bátìrì tààrà. Rárá o! Ẹ jẹ́ kó gba ojú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, tó bá sì tún gba swíìṣì oil pressure á dáa sí i, kó lè jẹ́ pé tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, sẹ́ẹ̀lì kú nìyẹn. Háídrójìn á gbiná nínú atẹ́gùn láti ìdá 4 títí dé 75 nínú 100, iná wẹ́rẹ́ tójú ò lè rí tó láti tan án. Ẹ má gba gáàsì yìí pamọ́ sínú nǹkan kan láéláé, bubbler gbọ́dọ̀ ní omi nígbà gbogbo, ẹ sì gbé e sún mọ́ ẹ́ńjìnnì kí gáàsì inú họ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ má pọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ epo. Lítà 1.4 HHO ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó wà nínú ẹ̀ ò ju bíi 170W lọ. Mọ́tò tó ń jẹ lítà epo 6 ní wákàtí kan ń jó agbára bíi 53,000W. Ìdá 1 nínú 100 ò pé o, ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Iná 276W tí sẹ́ẹ̀lì ń jẹ, alternator ló ń ṣe é, ẹ́ńjìnnì ló ń yí alternator, ọ̀pọ̀ agbára epo sì ń dànù ní ojú ọ̀nà yẹn, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ tán epo tó tó bíi 1,600W lẹ jó láti rí 170W padà. Kò sí PWM tó lè tún ìyẹn ṣe. Ní 1996, kóòtù kan ní Ohio ní Amẹ́ríkà dá Stanley Meyer, ẹni tó ń sọ pé omi lè gbé mọ́tò rìn, lẹ́bi pé jìbìtì ló ń lu àwọn tó fowó sí iṣẹ́ ẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń fi orúkọ ẹ̀ polówó ọjà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ràn kẹ́mísìrì àti iná, tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ bí omi ṣe ń pín àti bí wọ́n ṣe ń kápá ooru, tàbí olùkọ́ ni yín tẹ́ ẹ fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí tábìlì níbi tí atẹ́gùn wà, ẹ ra á, sẹ́ẹ̀lì àti PWM yìí á wúlò fún yín gan-an. Tó bá jẹ́ torí epo ni, ẹ fi owó yẹn ṣe sáfíìsì mọ́tò. Mo kọ̀wé sáwọn tó tà á nípa ọmọrí táǹkì tó ń jò, wọ́n dáhùn kíá, wọ́n fi tuntun ránṣẹ́. Mo tún kọ̀wé nípa ọ̀rá KOH àti ìwé ìlànà, mo tiẹ̀ bá wọn tún apá tó sọ̀rọ̀ electrolyte kọ kí wọ́n lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò tíì fèsì, tí wọ́n bá ti tẹ ìwé tuntun tí wọ́n sì kọ orúkọ sára ọ̀rá yẹn, màá wá sọ 3 yìí di 4.